Bí Àwọn Onírunmú Ṣe Gba Òkun Là, Tí Wọ́n sì Gba Orúkọ Mi

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará Igbókun. Kí ẹni tó ń mu ọsàn mu ún tán, kí ẹni tí oorun ń kùn padà sílé, nítorí mi ò ní í sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Màrìwò tí ẹ kó jọ sí etí omi yẹn, ẹ jẹ́ kó wà nílẹ̀ ná. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni, òkun kò sì ní í sá lọ. Ọ̀rọ̀ mi ni yóò ṣáájú, màrìwò yóò tẹ̀ lé e, bí a ti ń ṣe é nìyẹn.

Èmi ni Ọdẹ́lànà, ọmọ Ọdẹ́bíyìí. Ọdẹ ni bàbá mi, ọdẹ ni bàbá tó bí i. Ẹ̀yin ọmọdé lè máa wò mí bí arúgbó tí kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní géńdé, bí mo bá wúkọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ igbó, ẹfọ̀n tó wà ní ìparí igbó á ti máa dágbére fún aya rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín, kó lọ bi ẹfọ̀n.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ẹja nínú òkun yìí kò mọ ohun tí ojú wa rí. Nígbà náà, ayé ti di ayé ẹ̀rọ. Mótò ń fò, ilé ń tan iná ara rẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ ti lọ kọ́lé sínú òṣùpá. Ṣùgbọ́n òkun ti kú. Epo rọ̀bì bo ojú rẹ̀, ọ̀rá àti ike kún inú rẹ̀, omi náà sì gbóná débi pé ẹni tó bá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ á rò pé wọ́n gbé e kaná fún òun láti fi wẹ̀ ni. Bí apẹja bá ju àwọ̀n, bàtà ẹsẹ̀ kan ni yóò fà jáde. Ìyàwó mi, Àwẹ̀ró, tó ń yan ẹja láti ìgbà ọmọge, adìyẹ ti ń yé sínú ààrò rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, Onígbókun, ọba wa, pe gbogbo ìlú jọ. Ó ní bí òjò ọdún tó ń bọ̀ bá dé tí kò sí ìrètí ẹja, a ó palẹ̀ ẹrù mọ́, a ó lọ tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará òkè. Àwẹ̀ró bú sẹ́kún. Ó ní, "Ìyá mi wà nínú ilẹ̀ yìí. Ta ni n ó fi í sílẹ̀ fún?" Gbogbo wa la ní ìyá nínú ilẹ̀ yìí.

Ọba wá ní, "Mo gbọ́ ohun kan. Ẹranko kan wà ní òkun ilẹ̀ òtútù tí wọ́n ń pè ní síìlì. Ó sanra bí àpò àgbàdo, orí rẹ̀ jọ ti ajá tí kò ní etí, irunmú rẹ̀ sì gùn bí ti ológbò. Nígbà tí yìnyín ilẹ̀ wọn yọ́ tán tí síìlì kò ríbi dùbúlẹ̀ sí mọ́, àwọn onímọ̀ kan po ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, wọ́n sì ti ibẹ̀ bí ìran kan tí kì í ṣe ẹranko, tí kì í sì í ṣe ènìyàn lásán. Onírunmú là ń pè wọ́n. Wọ́n wọ inú òkun lọ, wọ́n ń tún un ṣe, ibi tí wọ́n bá sì ti ṣiṣẹ́, ẹja ń padà síbẹ̀. Wọ́n ní wọ́n ti dé òkun tiwa, lẹ́yìn Igbó Ọ̀rá tó léfòó lórí omi. Ta ni yóò bá wa lọ bẹ̀ wọ́n?"

Gbogbo ènìyàn dorí kodò. Ẹnu mi yìí, tí kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu rí, ló dìde kí èmi fúnra mi tó dìde. Mo ní, "Kábíyèsí, kò sí igbó tí Apàgbọ̀nrín wọ̀ tí kò jáde, yálà orí ilẹ̀ ló wà tàbí orí omi." Mo rò pé wọn á ní kí n jókòó, pé àgbà ti ń dé sí mi. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Kí n tó pa ẹnu dé, wọ́n ti ń ti ọkọ̀ sómi.

Apàgbọ̀nrín lorúkọ tí ìlú fún mi nígbà náà. Ní ọdún ìyàn kan, ọdẹ mẹ́rìndínlógún wọ igbó, wọn kò rí òkété. Èmi nìkan ni mo gbé àgbọ̀nrín wọlé, akọ ńlá, tí ìwo rẹ̀ ga ju ọmọ ọdún méje lọ. Títí di ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, ó ti tó ogójì ọdún tí wọ́n ti ń fi àgbọ̀nrín yẹn kí mi. Ẹ fi ọkàn síbi àgbọ̀nrín náà, a ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Àwẹ̀ró di gààrí àti kúlíkúlí fún mi, ṣùgbọ́n kò yé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Bàbá Àìná, ìwọ tí o ń di òpó mú bí o bá ń wẹ̀, òkun lo fẹ́ wọ̀?" Mo ní ọdẹ ni mí, kì í ṣe ẹja. Ó ní ohun tó ń ba òun lẹ́rù nìyẹn.

Bí mo ṣe wa ọkọ̀ náà kò kàn yín. Mo wà á títí apá mi fi di apá ẹlòmíràn, mo sì dé Igbó Ọ̀rá. Igbó gidi ni, lórí omi. Ike ni igi rẹ̀, ọ̀rá dúdú àti ọ̀rá funfun ni ewé rẹ̀, ìdérí ìgò ló fi ṣe òdòdó. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, gbogbo rẹ̀ á máa ké ṣàràrà bí ẹnu àwọn olófòófó. Ní àárín rẹ̀ ni ẹ̀dá kan jókòó sí tí ń jẹ́ Jùúnù. Ìdérí ìkòkò méjì ni ojú rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni eyín rẹ̀, ẹ̀rọ amómitutù tó ti bàjẹ́ sì ni ikùn rẹ̀. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ ṣí ikùn náà, á tún un tì.

Ó ní, "Ọdẹ, dá mi lóhùn kí o tó kọjá. Kí ni ọmọ aráyé sọ nù tí kò nù?"

Mo fa ìbọn yọ. Ó ní òun ti ní mẹ́rin irú rẹ̀ nínú ẹsẹ̀ òun. Mo pe ọfọ̀ tí bàbá mi kọ́ mi, èyí tí mo fi dá erin dúró rí. Ó ní kí n jọ̀ọ́ tún un pè, ó dùn létí òun. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wà níwájú rẹ̀, mò ń dáhùn, ó ń ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ní ẹ̀ṣẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ ẹnu, mo ní òjìji. Ní ọjọ́ kẹrin, nígbà tí gààrí ń tán lọ, ojú mi bọ́ sí èjìká rẹ̀. Bàtà rọ́bà kan wà níbẹ̀, ti ẹsẹ̀ òsì, tí a fi okùn pupa rán ní gìgísẹ̀. Èmi ni mo rán an. Ọdún tí mo gbé Àwẹ̀ró níyàwó ni mo jù ú sínú ọ̀sà, nítorí mo ti ra tuntun.

Mo ní, "Bàtà mi nìyẹn."

Jùúnù rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń ṣí tó ń pa dé. Ó ní, "Gbogbo ẹni tó ti kọjá níbí, ti ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ. Ìwọ lo kọ́kọ́ rí tìrẹ. Wọ̀ ọ́, kí o máa lọ." Mo wọ̀ ọ́. Ó fún mi lẹ́sẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ mi ti tóbi sí i, ṣùgbọ́n igbó náà là sí méjì fún mi.

Lẹ́yìn Igbó Ọ̀rá, àwọ̀ omi yí padà. Ó mọ́, ó tutù, mo sì ń rí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe gbójú sókè ni mo rí ẹran kan lórí òkìtì iyanrìn, ó sanra, ó ń dán, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń yá oòrùn. Ẹ̀yin ọdẹ tó wà níbí, ẹ mọ ohun tó ń ṣe ọdẹ bó bá rí ẹran tó kẹ̀yìn sí i. Mo gbàgbé òkun, mo gbàgbé ọba, mo gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ọkọ̀, mo gbé ìbọn sí èjìká, mo di ojú kan.

Ẹran náà kò yíjú padà. Ó kàn ní, "Ọdẹ, àrìnpa o."

Ẹ gbọ́ mi. Bí a ti ń kí ọdẹ nìyẹn, pé kó rìn, kó sì pa ẹran. Ẹni tí mo fẹ́ pa gan-an ló ń ṣàdúrà fún mi pé kí n pa á. Òfin wa sì ni pé ẹni tó bá ti kí ọdẹ ní àrìnpa ti di èèyàn rẹ̀, ìbọn kò gbọdọ̀ kọjú sí i mọ́. Mo sọ ìbọn kalẹ̀, ojú tì mí, mi ò sì lè jẹ́ kíkí náà.

Ó wá yíjú sí mi. Obìnrin ni. Ojú rẹ̀ dúdú, ó tóbi, ó sì kún fún ẹ̀rín. Awọ so ìka ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, irunmú funfun wà ní ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ méjèèjì, láti ìbàdí rẹ̀ sísàlẹ̀ sì ni síìlì. Ó ní, "Omíyalé ni mò ń jẹ́. Má wò mí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni ìyá tó bí ìyá mi. Ó lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ òtútù, ó sì wà lára àwọn tó fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀ láti fi dá wa. Òun ló kọ́ wa ní kíkí. Láti àná ni mo ti mọ̀ pé o ń bọ̀."

Mo ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

Ó ní, "Àyà rẹ ni. Ó ń lù nínú omi bí ẹni ń gún iyán. Irunmú wa kì í jẹ́ kí ohunkóhun tó ń mì pamọ́ fún wa."

Ó so okùn mọ́ mi níbàdí kó lè mú mi lọ wo iṣẹ́ wọn. Mo ní kò pọn dandan. Òun àti àwọn ará rẹ̀ rì mí sómi bí ẹni ń rẹ aṣọ sínú aró, wọ́n fà mí jáde kí n mí, wọ́n tún rì mí. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo pe Àwẹ̀ró. Ní ìgbà kejì, mo pe ìyá mi. Ní ìgbà kẹta, mo la ojú, mo sì dákẹ́, nítorí ohun tí mo rí ga jù mí lọ. Wọ́n ti kọ ebè sí ìsàlẹ̀ òkun, gẹ́gẹ́ bíi ti oko iṣu, wọ́n gbin koríko òkun sórí rẹ̀ lọ kánrin. Àwọn arúgbó wọn ń fi kàn-ìn-kàn-ìn ha epo kúrò lẹ́yìn alábahun òkun kan, ó ń ya ẹnu bí ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀ ní tipátipá. Láàárín koríko náà sì ni ọmọ ẹja wà, wọn kò tóbi ju ìdin lọ, wọ́n pọ̀ ju ohun tí ẹnu lè sọ. Mo sunkún lábẹ́ omi, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ àfi àwọn tó ní irunmú.

Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ àgbà wọn, Bàbá Òtútù, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ bí nínú ìran náà. Kò gbọ́ èdè wa, Omíyalé ló ń túmọ̀. Mo ro ẹjọ́ ìlú mi fún un, mo tọrọ irúgbìn ẹja. Ó sún mọ́ mi, ó fi irunmú rẹ̀ kan àyà mi, ó ní, "Bí ẹran bá tán nínú igbó yín, kí ni àwọn bàbá yín ń ṣe?"

Mo ní, "Wọn a so màrìwò mọ́ ẹnu igbó. Igbó ti wọ ìsinmi nìyẹn. Ọdẹ tó bá rí i á yí ẹsẹ̀ padà, títí òjò ọdún mẹ́ta yóò fi rọ̀."

"Ṣé kò sẹ́ni tó ń já a?"

"Ní Igbókun kẹ̀? Kò sí."

Irunmú rẹ̀ gbọ̀n rìrì. Omíyalé bojú wo ilẹ̀, ó ní, "Ó ní ẹnu rẹ ti dáhùn, àyà rẹ ń dá a lóhùn òdì."

Mo sọ ọ́ lọ́nà mìíràn, mo fi òwe gbè é lẹ́yìn, mo fi orúkọ bàbá mi búra. Irunmú ń gbọ̀n. Bàbá Òtútù kò bínú. Ó ní, "Ìlú mẹ́sàn-án ti gba irúgbìn lọ́wọ́ mi. Gbogbo wọn ló kó o jẹ nígbà tó ṣì kéré, nítorí àwọn tó ń ṣọ́ ọ kò mọ bí olè ti ń wọlé. Mi ò ní èyí tí n ó fi ṣòfò mọ́. Máa lọ sílé, ọdẹ."

Mo rí i pé ìlú wa ti tú nìyẹn. Mo rí Àwẹ̀ró lórí ibojì ìyá rẹ̀, ó ń di ẹrù. Ni mo bá jókòó sílẹ̀, mo sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹ̀dá kan rí.

Ọdún ìyàn yẹn, igbó ti wà nínú ìsinmi. Ọdún kejì màrìwò la wà. Àwọn ọdẹ mẹ́rìndínlógún náà lọ sí igbó ọ̀nà jíjìn, ìyẹn ni wọn kò fi rí nǹkan. Àwẹ̀ró lóyún Àìná, ó ń tọrọ ẹran, ó ń rù. Ní ọjọ́ ọjà, nígbà tí ìlú dá, mo rọra gba abẹ́ màrìwò wọlé, mo sì pa àgbọ̀nrín kan. Akọ ni, òun nìkan ló kù. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó fi ojú kan àgbọ̀nrín ní Igbókun mọ́. Orúkọ tí wọ́n fi ń yìn mí, bí mo bá ti gbọ́ ọ, inú mi a máa bàjẹ́.

Irunmú náà dúró jẹ́ẹ́. Bàbá Òtútù fi ọwọ́ aláwọ rẹ̀ gbá mi lẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín. Omíyalé ní, "Ó ní ẹni tí òun ń wá nìyí. Ìyá àgbà mi náà máa ń sọ ọ́, pé olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta. Ìwọ ni yóò ṣọ́ omi náà fún ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kí o tó so màrìwò, o gbọ́dọ̀ sọ ohun tí o sọ fún wa yìí lójú gbogbo ìlú rẹ. Màrìwò kì í ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Ẹni tó mọ ihò tí a ń gbà yọ́ wọlé ló ń ba olè lẹ́rù."

Wọ́n fún mi ní kèrègbè méje, irúgbìn koríko ní mẹ́ta, ẹyin ẹja ní mẹ́rin. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń wá bí n ó ṣe yẹ̀ ẹ́. Mo pinnu pé n ó ní àbúrò bàbá mi tó ti kú ló pa àgbọ̀nrín náà, nítorí òkú kì í jiyàn. Mo ti tò ó dáadáa lẹ́nu nígbà tí mo dé Igbó Ọ̀rá. Jùúnù kò bi mí ní àlọ́ kankan lọ́tẹ̀ yìí. Ó kàn wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, "O ṣì wọ̀ ọ́?" Mo ní mo wọ̀ ọ́. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo wa ọkọ̀ lọ díẹ̀, mo sì rí i pé irọ́ náà kò tò mọ́.

Nígbà tí mo gúnlẹ̀, ìlú bo etí omi. Wọ́n ń pariwo Apàgbọ̀nrín, Apàgbọ̀nrín. Mo gbé kèrègbè kalẹ̀, mo sọ ohun tí mo rí, mo sọ iye ọdún tí a ó fi ti omi, mo wá sọ ti àgbọ̀nrín. Ariwo náà kú. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi tí ebi pa nínú igbó jíjìn lọ́dún náà wà níbẹ̀, wọ́n ń wò mí.

Ọba ní, "Ọdẹ́lànà, ìwọ tí o já màrìwò, ta ni yóò jẹ́ kí o so òmíràn?"

Àwẹ̀ró ló dìde, òun tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ó ní, "Èmi ni. Mo ti mọ̀ láti ogójì ọdún. Lọ́jọ́ tó gbé ẹran náà wọlé, fọ́nrán màrìwò kan wà nínú irun rẹ̀. Èmi ni mo yọ ọ́, mo sì sọ ọ́ sínú iná tí mo fi se ẹran ọ̀hún. Mo jẹ níbẹ̀, Kábíyèsí. Ẹ̀yin náà jẹ níbẹ̀, apá ni mo gbé wá fún yín. Kò sẹ́ni tó bèèrè igbó tó ti wá. Bí olè lẹ bá ń wá, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ààrò mi. Bó bá jẹ́ olùṣọ́ ni, ọkọ mi nìyí. Òun á máa ṣọ́ omi, èmi á máa ṣọ́ òun."

Ọba bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n gbé màrìwò wá. A gbin koríko, a da ẹyin ẹja sínú omi, mo sì so màrìwò.

Ọdún mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn. Gbogbo ihò tí olè lè gbà ni mo mọ̀, nítorí mo ti ro gbogbo wọn wò fún ara mi. Mo mú àwọn tó fi agbọ̀n aṣọ bo àwọ̀n. Mo mú ẹni tó ní òun ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, tí ìwọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ní ọdún kejì, mo mú Kábíyèsí fúnra wọn pẹ̀lú ìwọ̀ lábẹ́ agbádá. Wọ́n ní atẹ́gùn ni wọ́n wá gbà. Ẹ má bínú, Kábíyèsí, ẹ̀yin lẹ ní kí n máa sọ ọ́ ní gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ ti omi. Nígbà mìíràn, bí mo bá jókòó sétí omi, mo ń rí orí dúdú àwọn Onírunmú tí yóò yọ lókèèrè, tí yóò tún rì. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ.

Lọ́jọ́ tí a ṣí omi, Àwẹ̀ró lé adìyẹ kúrò nínú ààrò rẹ̀, adìyẹ náà bá a jà. Àwọ̀n àkọ́kọ́ wúwo débi pé ọkùnrin mẹ́jọ ló fà á. Ẹja ń tàn yanran nínú rẹ̀, àwọn àgbàlagbà jókòó sínú iyanrìn, wọ́n ń sunkún bí ọmọdé. Omíyalé yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ mi, ó ní, "Ọdẹ, àrìnpa o." Lọ́tẹ̀ yìí, mo jẹ́ ẹ. Ó ní, "Kí ni wọ́n ń pè ọ́ báyìí?"

Mo ní, "Jámàrìwò."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé omi mì. Ó sì ní ó yẹ mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òun nìyẹn. Ẹ kò fi orúkọ mìíràn pè mí, ẹ̀yin ọmọ tuntun wọ̀nyí, n kò sì fẹ́ kí ẹ fi òmíràn pè mí. Bí a bá ti jẹun fún ọdún mẹ́ta, a ó ti omi fún ọdún mẹ́ta, a ó sì mú olè dìde kó sọ̀rọ̀ ná. Igbó náà, a tì í pẹ̀lú. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo rí ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín nínú ẹrẹ̀, méjì, akọ àti abo. Ibi tí mo ti rí i, ẹ má bi mí.

Ó tó. Ẹ gbé màrìwò yẹn fún mi wàyí, oòrùn ti ń gòkè. Àwẹ̀ró, dìde níbi tí o jókòó sí, kí o wá wo irun mi kí n tó so màrìwò, bóyá fọ́nrán kankan wà níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó wí. Ó ní ewú nìkan ni òun rí.